Kí Ẹ Tó Gbé Òpó Ijó Wọlé, Ẹ Wo Àjà

Òpó ijó tí wọ́n ń tà fún ìlò inú ilé kò ní gbòǹgbò. Wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ rì í, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní bóòtù kankan tó so wọ́n mọ́ òkè. Ohun tó ń mú un dúró ni pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti fà á gùn títí orí rẹ̀ fi ń ti àjà, tí ìdí rẹ̀ ń ti ilẹ̀, tó wá há sáàárín méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá gun òpó yìí, tó fi itan dì í mú, tó dorí kodò, ilé gan-an ló gbé e dání. Bí àjà bá lágbára, òpó á dúró. Bí àjà bá jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ lásán, òpó tó wọ́n jù lọ lọ́jà kò lè gba onítọ̀hún sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọjọ́ púpọ̀ yẹ àwọ̀ òpó àti iye owó rẹ̀ wò, wọn kì í sì gbójú sókè wo ohun tí òpó náà fẹ́ gbára lé. Ìdí tí mo fi ń ṣe àlàyé yìí nìyẹn.

Eré orí òpó kì í ṣe nǹkan àná, kì í sì í ṣe ti ilé ọtí nìkan. Ní Maharashtra ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ọkùnrin ti ń gun òpó igi ṣe eré agbára láti ayébáyé. Mallakhamb ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2009 ni wọ́n dá àjọ International Pole Sports Federation sílẹ̀, tí eré náà fi ní òfin àti adájọ́. Nínú ìdíje wọn, òpó méjì ni eléré kọ̀ọ̀kan ń lò: ọ̀kan dúró gbọin, èkejì ń yí. Ìbú òpó náà jẹ́ mìlímítà 45, ìwọ̀n yìí náà ló sì wọ́pọ̀ jù lára èyí tí àwọn ènìyàn ń rà sílé. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kéré lè wá èyí tó jẹ́ 40. Mo dárúkọ ìwọ̀n nítorí pé òpó tó tóbi ju ọwọ́ lọ kì í ṣeé dì mú dáadáa, bí a bá tilẹ̀ gbé e kalẹ̀ bó ṣe yẹ.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ti àjà, tí mo ti ṣàpèjúwe. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ òkè àti ilẹ̀ títí láé. Ẹ̀kẹta kò kan àjà rárá: ó ní pèpéle irin tirẹ̀ tó wúwo, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, orí rẹ̀ ni a ti ń jó. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, torí ó ṣeé tú palẹ̀ bí àlejò bá ń bọ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀ fara sin jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ kí a lè rí ohun tí òpó ń fi ojú àjà rí. Ká ní ẹni tó ń jó wọn kílò 70, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 2.5. Bó bá rọ̀ mọ́ òpó pẹ́kípẹ́kí, ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tààrà. Bó bá na ara jáde, tí àárín ara rẹ̀ fi jìnnà sí òpó tó ìdajì mítà, ara rẹ̀ á máa fa òpó wó sọ́dọ̀. Lókè, òpó á fẹ́ yọ̀ pẹ̀lú agbára tó tó kílò 14. Nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ á fẹ́ yọ̀ sí òdìkejì pẹ̀lú agbára kan náà. Kílò 14 kò ba ènìyàn lẹ́rù. Ìyípo ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Bí ẹni yìí bá ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìyípo náà á tún máa fa òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbára bíi kílò 35. Bó bá yára sí i, tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára yẹn kò ní di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà: bíi kílò 140, tí orí àti ìdí òpó á pín gbé. Ìfà yìí sì ń bá oníjó yí po, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìhà àjà ló ń fà ní ìyípo kan ṣoṣo.

Kí ló wá ń dí òpó lọ́wọ́ láti yọ̀? Bó ṣe ń ti àjà ni, àti rọ́bà tó wà lójú àwo ńlá orí rẹ̀, èyí tó rí bí ọmọrí ìkòkò. Bí òpó bá ṣe ń ti àjà tó ni rọ́bà ṣe ń dì í mú tó. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí kì í hàn sójú. Nígbà tí ènìyàn bá gbé ara lé òpó, ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ ìdí òpó mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń dín bí orí òpó ṣe ń ti àjà kù. Ẹsẹ̀ òpó ń le sí i, orí rẹ̀ ń dẹ̀. Òkè ni òpó ti máa ń tú, ní àkókò tí ènìyàn wà lórí rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹni tó fi ọwọ́ mi òpó láti ilẹ̀, tó rí i pé kò mì, tó wá ní ó ti dúró, kò tíì dán an wò.

Ó wá kan àjà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́ sí.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ní èyí tó pọ̀ nínú ilé Amẹ́ríkà, igi ló gbé àjà. Àwọn ìtì igi gbọọrọ lọ láti ògiri kan dé èkejì, wọ́n gbé ilẹ̀ yàrá òkè. Lábẹ́ wọn ni wọ́n kan plasterboard sí, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Pátákó yìí sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 12.5. Ènìyàn lè fi ìkúùkù lu ihò sí i. Bí àwo òpó bá bọ́ sáàárín ìtì méjì, pátákó tín-ín-rín yìí nìkan ló ń tì, ó sì máa là á kọjá lọ́jọ́ kan. Àárín àwo gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìtì gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 16 ló sábà máa ń wà láti àárín ìtì kan sí àárín èkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń wà láàárín mìlímítà 400 sí 600.

Báwo la ṣe ń rí ìtì tí ọ̀dà ti bò? Ẹ fi ìka ọwọ́ kan àjà láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì: ibi tí kò sí igi á dún bí ohun òfìfo, ibi tí igi wà á dún kíkì. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó lágbára, kí ẹ máa fà á lójú àjà. Yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí ìṣó wà, ibi tí ìṣó sì tò lọ ní ìlà kan, ìtì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún ń ta ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàwárí igi lẹ́yìn ògiri. Ẹ lo ọgbọ́n méjì, ó kéré tán, kí àbájáde méjèèjì sì bára mu kí ẹ tó fi pẹ́ńsù sàmì. Bó bá jẹ́ pé àárín ìtì méjì ni ibi tó wù yín bọ́ sí, kápẹ́ńtà lè fi pákó tó nípọn so ìtì méjèèjì pọ̀, kí òpó wá máa ti pákó náà. Ẹ má ṣe gbìyànjú èyí láìkan pákó náà mọ́ ìtì ní orí méjèèjì.

Ìkìlọ̀ méjì fún àwọn tó wà lókè òkun. Bí yàrá yín bá jẹ́ ti òkè pátápátá, tí òrùlé nìkan ló wà lórí rẹ̀, igi tó wà níbẹ̀ sábà máa ń tín-ín-rín, torí wọ́n ṣe é láti gbé àjà àti ẹrù díẹ̀, wọn kò ṣe é fún ohun tí yóò máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé gòkè lọ wò ó. Èkejì, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú àrà ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n fi kun àjà, èyí tí wọ́n ń pè ní Artex. Ọdún 1999 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin de irú àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn. Ẹ má lu irú àjà bẹ́ẹ̀, ẹ má ha á, ẹ má sì jẹ́ kí àwo òpó máa lọ̀ ọ́, títí ẹ ó fi jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Nílé níhìn-ín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ṣé dẹ́kìn ló wà lórí yàrá yín àbí páànù? Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó tàbí Ìbàdàn ní dẹ́kìn kọnkéré lókè orí rẹ̀, tí wọ́n fi irin há láàárín. Dẹ́kìn tí wọ́n dà dáadáa, tó nípọn bíi mìlímítà 150, ni àjà tó dára jù lọ tí òpó lè rí. Kò sí pé à ń wá igi kiri. Ibi gbogbo ló lágbára. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni POP. Bí wọ́n bá rẹ́ POP mọ́ ara dẹ́kìn tààrà, kò burú púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè sán. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi okùn àti wáyà so ó rọ̀ sábẹ́ dẹ́kìn, tí àyè sì wà láàárín, afẹ́fẹ́ ni òpó yín fẹ́ ti. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti àjà náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá yẹ̀, tàbí tó bá dún bí ìlù, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Àfi kí wọ́n gé e ní ibi tí òpó fẹ́ wà, kí orí òpó lè kan dẹ́kìn fúnra rẹ̀.

Búńgálò ńkọ́? Kápẹ́ńtà ló kan igi 2 by 2 mọ́ igi òrùlé, tó wá kan sílíǹgì mọ́ ọn lábẹ́. Ìbáà ṣe PVC, ìbáà ṣe POP, ìbáà ṣe sílíǹgì àtijọ́ tó ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, kò sí èyí tó lè gba òpó tó ń ti àjà. Igi yẹn wà láti gbé sílíǹgì nìkan. Bí ẹ bá fi òpó tì í, ẹ lè gbé e kúrò lára ìṣó rẹ̀, ẹ sì lè ti òrùlé pẹ̀lú. Èrò mi ni pé kí onílé búńgálò má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n sí i. Òpó onípèpéle ni tirẹ̀.

Àwọn ará wa ní Kútọnú àti Àjàṣẹ́, títí dé Lomé, ní ìṣòro mìíràn. Níbẹ̀, dẹ́kìn tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò, tí wọ́n ń pè ní hourdis, tò sáàárín àwọn ìtì kọnkéré kéékèèké, kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ojú kan náà ló ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò rí bákan náà. Ihò ló wà nínú búlọ́ọ̀kù yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìtì ni kí òpó wà lábẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà tó kọ́ ilé náà, tàbí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lè fi hàn yín ibi tí ìtì gbà kọjá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ronú pé wẹ́dà àdúgbò lè bá wọn ṣe òpó ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ṣọ́ra. Páìpù dídán tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn ni wẹ́dà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, ara rẹ̀ sì sábà máa ń fúyẹ́, torí ọwọ́ ènìyàn nìkan ló yẹ kó gbára lé e. Bí gbogbo ìwọ̀n ara bá fà á láti ẹ̀gbẹ́, ó lè tẹ̀ tàbí kó kán. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ náà ń ha awọ itan. Bákan náà ni àwọn òpó tí wọ́n ń tà bí ohun ìṣeré fún àríyá: bí kò bá sí iye kílò tó lè gbé lára páálí rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ilẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọnkéré àti pákó tó le dára. Táìlì tó ń dún bí ohun òfìfo bí ẹ bá kàn án kò dára, torí kò sí sìmẹ́ńtì lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa fọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn máa ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìdí òpó, bó bá sì ti ń rì ni òpó ń dẹ̀. Ẹ ká a kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tó le sábẹ́ òpó.

Àyè tó yí òpó ká ni ẹ ó wá wọ̀n. Ẹ má lo ìwọ̀n inú ìwé nìkan. Ẹ dúró sí ibi tí òpó fẹ́ wà, kí ẹni kejì di teépù mú, kí ẹ na apá kan àti ẹsẹ̀ kan jáde bí ó ṣe lè gùn tó, kí ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Fún àgbàlagbà, ó máa ń tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ní gbogbo ìhà. Tẹlifíṣọ̀n, igun tábìlì àti fèrèsé kò gbọdọ̀ sí nínú àyè yẹn. Fáànù òkè ni mo bẹ̀rù jù nínú ilé wa: ẹsẹ̀ ẹni tó dorí kodò ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bí apá fáànù bá wọ inú àyè náà, ẹ yọ fáànù, ẹ má sọ pé ẹ ó máa pa á bí ẹ bá ń jó.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé òpó dúró, ẹni méjì ni kí ẹ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn gíga àjà ní ibi àmì yẹn gan-an, torí ilẹ̀ àti àjà kì í sábà tẹ́jú délẹ̀délẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpó bá àjà tó ga láàárín mítà 2.2 sí 2.75 mu, bí tiyín bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra àfikún lọ́wọ́ ẹni tó ṣe òpó náà, ẹ má fi páìpù mìíràn kún un. Ẹ so àwọn apá òpó pọ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì fi irin kékeré tó tẹ̀ lórí, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní allen key, fún gbogbo oríkèé rẹ̀ títí kò fi ní mì mọ́. Oríkèé tó dẹ̀ máa ń dún ko-ko bí ẹ bá ń yí. Ẹ má jó lórí òpó tó ń dún.

Bí ẹ bá ti gbé e dúró, kí ẹni kan di òkè mú lójú àmì, kí èkejì máa yí ibi tó ń gùn sí i títí àwo fi kan àjà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ gbé ìwọ̀n olómi tí bíríkìlà fi ń wo ògiri sára òpó, kí ẹ wò ó níwájú, kí ẹ tún wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí òpó lè dúró ṣánṣán ní ìhà kan kó sì tẹ̀ ní ìhà kejì. Bí kò bá dúró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ sún, orí rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fún un, bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ. Ẹ máa wo àjà bí ẹ ṣe ń fún un. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè, tàbí tí ọ̀dà ń sán, ó ti pọ̀ jù tàbí kó jẹ́ pé kò sí igi níbẹ̀. Ìlà kan sì wà lára òpó tí òǹṣe fi sàmì ibi tí ìfàgùn parí sí: ẹ má kọjá rẹ̀ láé, torí ohun tó kù nínú lẹ́yìn ìlà yẹn kò tó láti di ara rẹ̀ mú.

Ẹ dán an wò díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fà á ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣì sún mọ́lẹ̀. Ẹ na ara jáde. Ẹ yí jẹ́jẹ́. Kí ẹni kejì máa wo àwo òkè ní gbogbo ìgbà yìí. Bí ó bá sún, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e dúró kọ́ ni ẹ ó dorí kodò.

Igi máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù. Nítorí náà, òpó tó le dáadáa lóṣù kan lè ti dẹ̀ lóṣù kejì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jó ni kí ẹ fà á wò, kí ẹ tún un fún bó bá yẹ. Bí òpó yín bá jẹ́ irú èyí tó lè yí tó sì lè dúró, ẹ rí i dájú pé ìdè tó ń dá a dúró ti wọlé tán kí ẹ tó gùn ún.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jó, ẹ má pa òrí tàbí ìpara kankan, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, kí ẹ sì fi ọtí ìnura nu òpó. Ẹni tó máa ń làágùn lọ́wọ́ á rí i pé idẹ ń dì í mú ju chrome lọ. Ẹni tí etí rẹ̀ kì í gba yẹtí olówó pọ́ọ́kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì ni kò bá a lára mu, chrome kò sì ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fóòmù ìdárayá tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí wọ́n gé láàárín kó lè yí òpó ká, dára lábẹ́ ẹni tó ń kọ́ ìdoríkodò. Mátíráàsì orí bẹ́ẹ̀dì kò lè rọ́pò rẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń yí lórí ẹ̀.

Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ tú òpó palẹ̀ lẹ́yìn eré. Ọmọ á fẹ́ gùn ún nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó, kò sì mọ̀ bóyá ó ti dẹ̀. Ẹni tó yá ilé gbé, kó sọ fún lándílọ́ọ̀dù ṣáájú, pàápàá bó bá fẹ́ fi bóòtù dè é.

Bí ẹ bá ti wo àjà yín délẹ̀, tí ẹ kò rí ìtì tàbí dẹ́kìn tó dá yín lójú, ẹ má ra òpó tó ń ti àjà. Ẹ ra èyí tó ní pèpéle tirẹ̀, tàbí kí ẹ máa lọ jó níbi ìdárayá tó ti ní òpó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.